Èlé orí owó yíyá: kí ni ó ń sọ nípa ìlú?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Kétu àti ti Ṣábẹ̀ẹ́, bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọdún ṣe rí, iye tí wọ́n ń ta àgbàdo ni ẹ kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Owó náà ní iye tí wọ́n ń tà á. Èlé ni iye yẹn. Bí ẹ bá yá 100 fàráǹkì fún ọdún kan, tí ẹ sì san 103 padà, èlé 3 lórí 100 ni ẹ san.

Owó tí a ń yá fún ọ̀pọ̀ ọdún wà, bí owó ilé kíkọ́. Èyí tí a ń yá fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù díẹ̀ náà wà. Èlé ti ìgbà kúkúrú yìí ni ó ń tètè yí padà. Òun ni àwọn tó mọ̀ nípa ọrọ̀ ajé ń wò láti mọ ibi tí ìlú ń lọ.

Ta ni ó ń dá iye rẹ̀? Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti orílẹ̀-èdè mẹ́fà mìíràn ni wọ́n jọ ń ná owó CFA tiwa yìí. Báńkì kan ṣoṣo ni ó ń ṣe àkóso rẹ̀: BCEAO, tí ó wà ní Dakar, ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Kì í yá èmi tàbí ẹ̀yin lówó. Àwọn báńkì ni ó ń yá, fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin alágbàtà mọ èyí dáadáa: bí ẹni tí ẹ ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ bá fi owó lé ọjà, ẹ̀yin náà á fi lé e.

Ẹ wo bí èlé náà ṣe rìn. Ní 2020, àrùn kòrónà dé, ọjà sì tutù. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, BCEAO mú èlé wálẹ̀ láti 2,50 sí 2 lórí 100, kí owó yíyá lè rọrùn, kí iṣẹ́ má baà dúró. Ní 2022, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine. Ìyẹ̀fun, epo ọkọ̀ àti ajílẹ̀ gbówó lórí. Nígbà náà ni BCEAO bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé sókè díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé 3,50 ní oṣù kejìlá 2023. Bí owó yíyá bá wọ́n, àwọn ènìyàn á dín ìnáwó kù, ọjà á sì rọ̀. (Ṣùgbọ́n èlé kò lè mú òjò rọ̀ sí oko ẹnikẹ́ni.) Ní oṣù kẹfà 2025, wọ́n mú un wálẹ̀ sí 3,25.

Nítorí náà, èlé tó wálẹ̀ lè jẹ́ àmì pé ọjà kò yá. Èyí tó gòkè lè jẹ́ àmì pé ọjà ń wọ́n. Ẹ máa fi iye ọjà wò ó.

Ẹ wo Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń rajà. Ní oṣù kọkànlá 2024, báńkì àpapọ̀ ibẹ̀ gbé èlé tirẹ̀ dé 27,50 lórí 100. Ṣé ẹni tó fi náírà pamọ́ níbẹ̀ jèrè ni? Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ìròyìn ìjọba wọn sọ pé ọjà tí wọ́n ń ra 100 náírà ní ọdún kan ṣáájú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 135. Kí a tilẹ̀ ní wọ́n san gbogbo èlé yẹn fún un, 127,50 ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè ra ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Owó tí ẹ̀yin fúnra yín ń yá ńkọ́? Ó jìnnà sí èlé BCEAO. Láti 2014, òfin ilẹ̀ wa sọ pé báńkì kò gbọdọ̀ gbà ju 15 lórí 100 lọ́dún. Ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ àti ìyánilówó kò gbọdọ̀ ju 24 lọ, pẹ̀lú owó ìwé àti gbogbo ìnáwó mìíràn. Bí wọ́n bá ní «2 péré» ni, ẹ bèèrè: lóṣù ni àbí lọ́dún? 2 lóṣù, 24 lọ́dún ni.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ẹ yá 50 000 fàráǹkì nígbà tí ẹ ń gbin àgbàdo, ní oṣù kẹrin. Ẹ san án ní oṣù kẹjọ. Ní 2 lóṣù, èlé yín jẹ́ 4 000. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń gba 10 lóṣù nínú ọjà, ó jẹ́ 20 000. Ìgbà tí gbogbo ènìyàn ń kórè, tí àgbàdo sì pọ̀ jù lọ́jà, ni ẹ ó ta tiyín láti san án.