Owó Gómìnà, Orúkọ Ẹbí

Nínú ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí, a fi àwọn ọba Ísírẹ́lì sílẹ̀ ná. A fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ lára ẹnì kan tí ó gbé ní London níbí kí ó tó di ènìyàn ńlá: James Ibori, tí ó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Delta láti 1999 sí 2007. Ọ̀pọ̀ wa ló gbọ́ pé ó ṣẹ̀wọ̀n. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ bá wa wò.

Ní nǹkan bí ọdún 1990, Ibori jẹ́ kaṣíà ní ilé ìtajà Wickes, níbi tí wọ́n ti ń ta pákó, ọ̀dà àti irinṣẹ́ ìkọ́lé. Irú iṣẹ́ tí púpọ̀ nínú wa ṣe nígbà tí a kọ́kọ́ dé ni, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí obìnrin tí ó padà di ìyàwó rẹ̀ gbé ọjà kọjá níwájú òun láìsanwó. Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n. Ní 1991 ilé-ẹjọ́ bu owó ìtanràn £300 lé e. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n tún dá a lẹ́bi nítorí káàdì báńkì olóníkáàdì.

Nígbà tí ó fi máa di 1999, ó ti di gómìnà ìpínlẹ̀ tí epo rọ̀bì ń ṣàn nínú rẹ̀. Báwo ni wọn kò ṣe mọ̀? Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba sọ ní kóòtù pé ó yí ọjọ́ ìbí rẹ̀ padà nínú ìwé, kí ẹjọ́ London má baà tẹ̀lé e délé. (Àwa tí ọjọ́ orí ìwé wa àti ọjọ́ orí ilé wa kò bá ara mu, kí a má rẹ́rìn-ín jù o.)

Ilé kan ní Hampstead nìkan jẹ́ £2.2 mílíọ̀nù. Òmíràn wà ní Shaftesbury, òmíràn ní South Africa, ká má tíì sọ ti mọ́tò. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í lè ka irú iye bẹ́ẹ̀ kí ọkàn wa má lọ sí wọ́ọ̀dù nílé, níbi tí ẹbí aláìsàn ti ń sáré lọ ra ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ àti òwú kí nọ́ọ̀sì tó lè fọwọ́ kan ènìyàn wọn. Ẹ má bi wá léèrè ìdí tí nọ́ọ̀sì fi pọ̀ tó báyìí nínú ìjọ yìí.

Àjọ EFCC mú un ní December 2007. Nuhu Ribadu tí ó jẹ́ olórí àjọ náà sọ pé wọ́n gbé $15 mílíọ̀nù wá fún òun kí òun lè gbójú kúrò, òun sì kó o lọ sí báńkì àpapọ̀. Síbẹ̀, ní 2009, kóòtù ní Asaba da gbogbo ẹ̀sùn náà nù, àádọ́sàn-án lápapọ̀. Ní 2010 wọ́n mú un ní Dubai nítorí pé àwọn ọlọ́pàá London ń wá a, ní 2011 wọ́n sì gbé e wá síbí. Ní February 2012, ní kóòtù Southwark, ó fẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́wàá. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́tàlá ni adájọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n kí ó tó fẹsẹ̀ kan kóòtù yẹn rárá, ní 2010, arábìnrin rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti àlè rẹ̀ ti gba ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún márùn-ún. Lọ́yà rẹ̀ ní London náà wọ ẹ̀wọ̀n. Gómìnà kò lè kó irú owó bẹ́ẹ̀ wọlé ní orúkọ ara rẹ̀. Àkáǹtì ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá, orúkọ ẹlòmíràn ló sì máa wà lórí ìwé. Ta ni yóò ní kó wá yáni lórúkọ bí kò ṣe ẹbí?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2002 nílẹ̀ yìí kò ní kí ó dá ọ lójú pé olè ni owó náà ti wá. Bí o bá ti fura, tí o sì bá wọn gbé e, o ti jẹ̀bi, ó sì lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá. Kì í ṣe gómìnà nìkan ló ń wá àkáǹtì. Ẹ̀gbọ́n kan láti ilé lè ní kí owó òun kàn sùn sọ́dọ̀ rẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n sì ń fi £200 tan àwọn ọmọ wa ní yunifásítì kí wọ́n lè lo àkáǹtì wọn. Ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ fi sọ ọ́ bí ó bá gba bẹ́ẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, báńkì á bi mí, n kò sì ní mọ ohun tí n ó sọ.” Bí owó bá ti wọlé láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni; báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún.

Nígbà tí Ibori padà sílé ní 2017, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Oghara. A kò ní sọ pé kí wọ́n tì í mọ́ta. Ilé Ọlọ́run kò yan ẹni tí yóò wọlé. Ṣùgbọ́n ó sọ níbẹ̀ pé òun kì í ṣe olè, lẹ́yìn ohun tí ó ti gbà níwájú adájọ́. Ẹ jẹ́ kí a jíròrò èyí ní kíláàsì: ṣé a bá gbé makirofóònù fún un?

Ní 2021, ìjọba ilẹ̀ yìí dá £4.2 mílíọ̀nù padà sí Nàìjíríà, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí rẹ̀. Ìwé àdéhùn sọ pé afárá kejì lórí odò Niger, ọ̀nà Abuja sí Kano, àti ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni wọn yóò ná an lé. Àwọn ará Delta fárígá pé owó àwọn ni. Ní July 2023, adájọ́ ní Southwark tún ní kí Ibori fúnra rẹ̀ san £101.5 mílíọ̀nù, tàbí kí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ dí i.