AGOGO, Ọ̀SẸ̀ ÀTI ÌṢẸ́JÚ

Ìgbà kì í lọ bí òréré. Bí a bá fẹ́ mọ bí ó ti yí padà láàárín wa, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta wò nínú èdè wa.

Èkíní ni agogo. Irin tí akéde ń lù kiri ìlú ni agogo ní àtijọ́. Bí ó bá dún, gbogbo ìlú ni ó ń bá wí. Lẹ́yìn tí Townsend àti Crowther dé Abẹ́òkúta ní 1846, orúkọ yìí kan náà ni a fi pe èyí tí ń pe ìjọ sí ìsìn, àti èyí tí ń ka wákàtí. Nísisìyí olúkúlùkù ní tirẹ̀ nínú àpò.

Èkejì ni ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa. Nítorí tí wọ́n ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn ni wọ́n ṣe ń pe ọjà rẹ̀ ní ọrọọrún. Ọ̀rọ̀ náà ni a wá gbé fún ọjọ́ méje.

Ẹ̀kẹta ni ìṣẹ́jú. Kí ojú ṣẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ta ni í ka èyí? Ṣùgbọ́n ní 1901 a ṣí ojú irin láti Èkó, gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá, dé Ìbàdàn. Nígbà tí ó yá, ìjọba sì fi àkókò kan ṣoṣo lélẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni ìṣẹ́jú ti di ohun tí a ń kà bí owó.

Síbẹ̀ ìgbà àtijọ́ kò tíì kú. Ní ibùdókọ̀ Kútọ̀, ọkọ̀ ń dúró kí èrò kún. Ọkọ̀ ojú irin titun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Kí ni a rí kọ́? Bí ènìyàn 40 bá dúró de ẹnìkan fún ìṣẹ́jú 15, wákàtí 10 ni ó ti bá wọn fi ṣòfò. Nítorí náà, pípa àkókò mọ́ jẹ́ ọ̀wọ̀ fún ọmọnìkejì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bẹ aláìsàn tàbí àgbàlagbà wò, tí ó ń wo agogo ọwọ́ rẹ̀, kò tíì bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí a fi agogo ṣe ìpàdé, kí a má ṣe fi í díwọ̀n ìfẹ́.

Ìbéèrè: Ta ni ó ń dúró dè wá? Ta ni a kò sì ráyè dúró tì mọ́?