Ẹ Jẹ́ Ká Ti Bá Aládùúgbò Sọ Ọ́ Kí Ojú Òfurufú Tó Tì

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 2023, àwọn ológun tó gbàjọba ní Niger kéde pé àwọn ti ti ojú òfurufú orílẹ̀-èdè náà pa títí di ìgbà tí wọ́n bá tún sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni gbèdéke tí ECOWAS fún wọn láti dá Ààrẹ Mohamed Bazoum padà sípò pé. Nígbà tí ìkéde náà jáde, àwọn bàálù tó ń ti Yúróòpù bọ̀ wá sí ilẹ̀ Áfíríkà ti wà lókè. Àwọn awakọ̀ ní láti pinnu lójú ẹsẹ̀ ibi tí wọn yóò yà sí, iye epo tó kù nínú ọkọ̀ ló sì ń sọ ibi tí agbára wọn mọ.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ ní London, ẹ̀yin tí ẹ ń fi bàálù ṣòwò, àti ẹ̀yin tí ẹ di ipò mú ní Nàìjíríà, Benin, Togo àti Ghana, ẹ gbọ́ o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn tún lè ṣẹlẹ̀ lọ́la, ó sì lè le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a kò bá tíì bá aládùúgbò ṣe àdéhùn ọ̀nà tí bàálù yóò gbà nígbà tí ara ṣì tuni, àárín ogun la ti máa wá a.

Ẹni tó bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà síwájú yóò rí ìdí tí ọ̀rọ̀ Niger fi kan Èkó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tó gún jù láti London sí Èkó gba orí France, ó la òkun Mẹditaréníà, ó gba Algeria àti Niger, kó tó wọ Nàìjíríà láti apá Àríwá. Lọ́dún 2023, Libya tó wà lápá ìlà-oòrùn ọ̀nà yìí ti di ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ń sá fún láti ọ̀pọ̀ ọdún nítorí ogun. Sudan ti ti tirẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún náà, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Khartoum. Chad ṣí sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò bá Algeria pààlà. Niger àti Libya ló wà láàárín wọn. Nígbà tí Niger náà wá tì, apá ìwọ̀-oòrùn nìkan ló kù: kí bàálù gba orí Mali àti Burkina Faso, tàbí kó tilẹ̀ lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí òkun Senegal. Ìyípo náà lè fi 1,000 kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún ìrìn àjò kan. Epo pọ̀ sí i, àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ sì ní iye wákàtí tí òfin gbà wọ́n láyè láti ṣiṣẹ́ mọ. Ó tó nǹkan bí oṣù kan, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, kí Niger tó ṣí i padà.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì náà ní ẹni tó ni ín. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 2025, Algeria ti ojú òfurufú rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá ń lọ sí Mali tàbí tó ń ti Mali bọ̀, lẹ́yìn aáwọ̀ tó dá sílẹ̀ lórí dúróònù kan tí Algeria yìn lulẹ̀ nítòsí ààlà. Ọjọ́ yẹn náà ni Mali san án padà. Láti Algeria bọ́ sí Mali: àlàfo tí àwọn bàálù gbà yọ ní 2023 nìyẹn o. Ẹ rò ó wò bí ìkéde méjèèjì bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà dà bí ohun tó wà lójú àwòrán nìkan, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí bàálù bá ń ti ọwọ́ orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Wọ́n ti pín ojú òfurufú àgbáyé sí agbègbè-agbègbè. Nàìjíríà lódindi jẹ́ agbègbè kan tí wọ́n fi orúkọ Kano pè, Kano àti Èkó sì ni àwọn òṣìṣẹ́ NAMA, àjọ tó ń bójútó òfurufú Nàìjíríà, ti ń darí rẹ̀. Niger wà lábẹ́ agbègbè Niamey tí àjọ ASECNA ń bójútó. Kí bàálù tó dé ààlà, adarí tó wà ní Niamey á ti kàn sí ẹnìkejì rẹ̀ ní Kano. Á sọ nọ́ńbà bàálù náà, ibi tí yóò gbà wọlé, aago tí yóò dé ibẹ̀, àti gíga tó ń fò. Ẹni tó wà ní Kano á tún un kà padà kó lè dá àwọn méjèèjì lójú. Bí ọkọ̀ mìíràn bá ti wà ní gíga yẹn, á ní kí wọ́n gbé e sókè tàbí kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni awakọ̀ yóò yí rédíò rẹ̀ sí ti Kano, yóò sì kí wọn. Ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí bàálù méjì pàdé lókè aṣálẹ̀ lóru.

Ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn ló kọ́kọ́ máa ń dàrú nígbà tí wàhálà bá dé. Bàálù tó yẹ kó gba Niamey á ya bo adarí ibòmíràn tí kò retí rẹ̀, òmíràn á tún tẹ̀lé e, gbogbo wọn á sì fẹ́ gíga tí epo kò ti ní í tètè jó. Ní Áfíríkà, àwọn awakọ̀ ní àṣà kan tó ti pẹ́: lórí rédíò 126.9 MHz, oníkálukú máa ń kéde nọ́ńbà rẹ̀, gíga rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ àti aago tí yóò dé ibi báyìí, kí ẹni tó bá wà nítòsí lè gbọ́ kó sì yẹra. Mo yin àwọn tó dá a sílẹ̀. Síbẹ̀ ó yẹ kó dùn wá pé a nílò rẹ̀, nítorí ohun tó bí i ni pé àwọn ibì kan wà lókè ilẹ̀ wa tí awakọ̀ kò lè fọkàn tán pé ẹnikẹ́ni ń rí òun láti ilẹ̀.

Àdéhùn Chicago ti ọdún 1944 fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láṣẹ pátápátá lórí òfurufú tó wà lókè ilẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè ní kí Niger má ti tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Àfikún kọkànlá àdéhùn náà pàṣẹ pé kí gbogbo àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfurufú ní ètò pàjáwìrì nílẹ̀, kí wọ́n sì bá àwọn tó múlé gbè wọ́n ṣe é. ICAO, àjọ ìrìnnà òfurufú àgbáyé, ní ọ́fíìsì kan ní Dakar tó ń bá ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà ṣiṣẹ́. Ó lè pe àwọn orílẹ̀-èdè jọ, kó sì bá wọn ya ọ̀nà ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú gíga tí a yàn fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ICAO kò lè bá wa gbé tẹlifóònù. Ta ni Kano yóò pè ní Cotonou láàárín òru? Nọ́ńbà wo? Bí ìlà yẹn kò bá lọ, èwo ló tẹ̀lé e? Pápákọ̀ wo ló lè gba bàálù ńlá mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ní epo tí yóò bù fún wọn? Ìbéèrè báwọ̀nyí ni ètò pàjáwìrì gidi máa ń dáhùn, ìdáhùn wọn sì máa ń yí padà nígbà tí òṣìṣẹ́ kan bá fẹ̀yìntì tàbí tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ máa dán an wò lọ́dọọdún, kí àwọn ará Niamey náà wà níbẹ̀.

Ohun tó ṣe South Sudan ni kí ẹ fi kọ́gbọ́n jù. Ó gba òmìnira ní 2011, ṣùgbọ́n Khartoum ló ṣì ń darí òfurufú òkè rẹ̀, láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 24,500 lọ sókè. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Khartoum ní oṣù kẹrin 2023, iṣẹ́ àwọn adarí ibẹ̀ dúró, South Sudan tí kò sí nínú ìjà náà rárá sì rí i pé òun kò ní ẹni tí yóò darí bàálù tó ń fò lókè ilẹ̀ òun. Ìdààmú ni wọ́n fi wá ọ̀nà mìíràn.

Ìkìlọ̀ yìí ní apá kejì tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́: nígbà mìíràn, àìtì ló ń pànìyàn. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù keje ọdún 2014, Ukraine ti ti òfurufú apá ìlà-oòrùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tì í ju ẹsẹ̀ bàtà 32,000 lọ. Bàálù MH17 wà ní 33,000 nígbà tí ohun ìjà bà á, ènìyàn 298 sì kú. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kíní ọdún 2020, Iran yin ohun ìjà lọ sí ibùdó àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Iraq, ó sì jẹ́ kí bàálù máa gbéra ní Tehran láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àwọn ọmọ ogun Iran fúnra wọn ló yin bàálù èrò kan, PS752, lulẹ̀. Ènìyàn 176 ló kú. Ìjọba tó bá ń ro owó tí bàálù ń san láti gba orí ilẹ̀ rẹ̀ kọjá, tàbí tó ń bẹ̀rù pé wọn yóò ní òun kò kápá ilẹ̀ òun mọ́, ẹ̀mí èèyàn ló fi ń ta tẹ́tẹ́ yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé a kò lè ṣètò nílẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ọdún 2017, wọ́n ti pápákọ̀ Nnamdi Azikiwe ní Àbújá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nítorí pé ojú ọ̀nà tí bàálù ń bà lé ti bàjẹ́. Wọ́n ti kéde rẹ̀ ṣáájú, wọ́n kó ìrìnnà lọ sí Kaduna, wọ́n ṣètò bọ́ọ̀sì, wọ́n kó agbófinró sí ojú ọ̀nà, wọ́n sì ṣí i padà ní ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé nínú àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ilẹ̀ òkèèrè, Ethiopian Airlines nìkan ló gbà láti lọ sí Kaduna. Àwọn yòókù kọ̀. Tiwa la ṣe dáadáa. Àwọn tó yẹ ká ti fa ọkàn wọn mọ́ra ni a kò rí fà.

Yúróòpù náà ti jìyà irú èyí rí. Ní oṣù kẹrin 2010, eérú òkè ayọnáyèéfín Eyjafjallajökull ní Iceland mú kí nǹkan bí 100,000 bàálù má lè gbéra, èrò bíi mílíọ̀nù 10 sì há sọ́nà, torí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń tì, ó ń ṣí, bó ṣe wù ú. Kí oṣù tó tẹ̀lé e tó parí, wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ń kó gbogbo wọn jókòó nígbà wàhálà. Lọ́dọ̀ tiwa, ASECNA ń bójútó ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, ṣùgbọ́n Nàìjíríà àti Ghana kò sí nínú rẹ̀. Mali, Burkina Faso àti Niger sì ti kúrò nínú ECOWAS láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kíní ọdún 2025. Ìdí rèé tí mo fi ń bẹ àwọn alákòóso wa: ẹ ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ kúrò nínú ìjà òṣèlú. Ẹni tó wà ní Kano àti ẹni tó wà ní Niamey gbọ́dọ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, yálà àwọn olórí wọn ń kí ara wọn tàbí wọn kò kí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn báyìí, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kó wà lọ́wọ́ tọ̀túntòsì.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń wọ bàálù, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ gba ìlú kan kọjá sí òmíràn, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó gbé yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó ra méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí ẹ̀dínwó, bí àkọ́kọ́ bá pẹ́ tí èkejì sì lọ, àpò ara rẹ̀ ni yóò fi ra òmíràn. Bí wọ́n bá kéde pé òfurufú kan ti tì, ẹ má sáré fọwọ́ ara yín fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ dúró kí ilé-iṣẹ́ bàálù fagi lé e, nítorí nígbà náà ni ẹ̀tọ́ láti gba owó yín padà máa ń dúró ṣinṣin.

Bàálù tó bá yà sí ìlú tí ẹ kò ní físà rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má jẹ́ kí ẹ sọ̀kalẹ̀. Ìyá tó ń lọ wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀ ní Manchester, tó kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sínú àpótí ńlá tí wọ́n ti jù sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, yóò jókòó ti oògùn tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá màmá to oògùn ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán sínú báàgì ọwọ́, ẹ fi oúnjẹ díẹ̀ sí i, ẹ kọ nọ́ńbà tẹlifóònù ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé wọn sórí bébà, torí bátìrì lè tán.

Bí ẹ bá há sọ́nà, ẹ béèrè oúnjẹ àti ibi ìsùn. Bàálù tó bá gbéra láti Britain, òfin ibẹ̀ ní kó tọ́jú èrò kódà bí ohun tó fa ìdádúró kì í bá ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ eérú ti 2010 yẹn, ilé-ẹjọ́ gíga Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní 2013. Ní Nàìjíríà, NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú, náà ní òfin tó dáàbò bo èrò. Bí wọ́n kò bá fún yín ní nǹkan kan tí ẹ sì fi owó ara yín ra á, ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Ẹ̀yin tí ẹ wá pàdé wọn ní Ìkẹjà, bí bàálù kò bá dé lásìkò, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni ín ni kí ẹ lọ, pẹ̀lú nọ́ńbà bàálù àti orúkọ èrò. Ẹ má fi ohùn tí ẹnì kan ká sórí WhatsApp, tó ní bàálù ti já, ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ó ṣeé ṣe kí bàálù náà máa bu epo ní Accra.