Bí Ẹsẹ̀ Bá Wú, Ẹ Wá Ọ̀nà Tí Omi Gbà Jáde

Bí aláìsàn bá wọlé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, oògùn Lasix ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó ń mú èèyàn tọ̀, ẹsẹ̀ ẹlòmíì sì máa ń fà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn lè mú ẹsẹ̀ wú, kíndìnrín lè mú un wú, ẹ̀dọ̀ lè mú un wú, kódà oògùn tí a fọwọ́ ara wa fún aláìsàn lè fà á. Nọ́ọ̀sì tó ti kàwé dé ipele tó fi ń ṣàwárí àìsàn, tó sì ń kọ oògùn, bí àwọn èèyàn wa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí omi gbà jáde kó tó dárúkọ àìsàn. Ìmọ̀ bí àìsàn ṣe ń da iṣẹ́ ara rú yìí ni wọ́n ń pè ní pathophysiology nílé ẹ̀kọ́. Nọ́ọ̀sì tó dá wà ní ilé ìwòsàn kékeré ní Òkè-Ògùn nílò rẹ̀ bákan náà.

Ní 1896, Ernest Starling, onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé bí omi ṣe ń wọlé, tó ń jáde nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tíntìntín. Ìfúnpá inú iṣan ń ti omi síta; purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, pàápàá albumin, ń fà á padà. Èyí tó bá ṣẹ́kù síta, àwọn iṣan mìíràn wà tó ń gbá a padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹsẹ̀ á wú bí ìfúnpá bá pọ̀ jù, bí albumin bá dín kù, bí ògiri iṣan bá ń jò, tàbí bí ọ̀nà àbọ̀ bá dí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì tó ń bá a rìn, àmì yẹn la óò wá lọ.

Ọrùn ni mo gbà pé a kì í wò tó. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn fẹ̀yìn tì ní ìwọ̀n dígírì 45, kó yí ojú díẹ̀ sápá òsì, kí ẹ wo iṣan ọrùn ọ̀tún. Bí ibi tó ti ń lù bá fi ohun tó ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ ga ju ibi tí egungun àyà ti yọ síta lókè, ẹ̀jẹ̀ ti ń há sẹ́yìn ọkàn; ohun tí mo ń pè ní “ọrùn ga” nìyẹn. Ọkàn tó ti rẹ̀ kò lè ti ẹ̀jẹ̀ síwájú, ìfúnpá á ròkè, omi á jáde síbi tó rẹlẹ̀ jù lára. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi máa ń wú nírọ̀lẹ́, tó sì máa ń fà díẹ̀ láàárọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ni aláìsàn ń wà, ẹ̀yìn ìbàdí ni kí ẹ tẹ̀ wò. Ẹ bèèrè pé: “Màmá, ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn? Ṣé èémí máa ń jí yín lóru?” Bó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, omi ẹsẹ̀ á padà sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn kò ní lè gbé e, ẹ̀dọ̀fóró á kún. Ẹni tó ń jókòó sùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ibi tí àìsàn rẹ̀ wà.

Bí ọrùn kò bá ga, ẹ ronú nípa albumin. Kíndìnrín tó ń jò lè da purotéènì tó ju gíráàmù 3.5 nù lójúmọ́: ìtọ̀ á máa hó bí omi ọṣẹ, ìpéǹpéjú á wú láàárọ̀. Ẹ ki dipstick bọ ìtọ̀ gbogbo ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, nítorí kíndìnrín tí kò lè ṣe ìtọ̀ mọ́ lè gbé ọrùn ga bíi ti ọkàn. Ní ti ẹ̀dọ̀, òun ló ń ṣe albumin. Bí hepatitis B tàbí ọtí bá ti bà á jẹ́, ikùn ló sábà máa ń kọ́kọ́ kún, ojú sì lè pọ́n.

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tó ń dunni? Ẹ fura sí ẹ̀jẹ̀ dídì. Ẹ wọn ojúgun méjèèjì. Bí ìyàtọ̀ bá ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, ìfura yẹn lágbára. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró wọ́ ọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ náà lè já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ti jàbùtẹ̀ yàtọ̀: awọ nípọn, ìka kì í rì sínú rẹ̀, aràn tí ẹ̀fọn gbé wá ló di ọ̀nà àbọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè oògùn tí aláìsàn ń lò: “Bàbá, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò wá, ti kẹ́míìsì àti àgbo.” Amlodipine tó wọ́pọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń la iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé ju èyí tó ń gbé e jáde lọ, ìfúnpá á wá kó sáàárín. Ọrùn kò ga, ìtọ̀ mọ́, èémí já gaara. Lasix kì í ṣe irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóore, potassium ló máa ń fà nù. Ẹni tó kọ amlodipine ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀ láti dín in kù tàbí pààrọ̀ rẹ̀. Diclofenac àti ibuprofen náà máa ń mú ara há iyọ̀ mọ́ra.

Ní ti aboyún, bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá dé 140/90 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, tí purotéènì sì wà nínú ìtọ̀, ògiri iṣan ló ń jò: omi pọ̀ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré nínú iṣan. Kí nìdí tí a ó tún fi fà á jáde? Ẹ tètè gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè tọ́jú rẹ̀. Èyí tó sì ń ká mi lára jù ni ìyá ìkókó tó ń mí gúlegúle, tí wọ́n ní wàhálà ọmọ ni. Ọkàn lè dẹ̀ láàárín oṣù tó kẹ́yìn oyún sí oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ wo ọrùn rẹ̀, ẹ gbọ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Nínú ìwé tí ẹ ó fi ránṣẹ́, ẹ má kọ “ẹsẹ̀ wú” nìkan. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ẹsẹ̀ méjèèjì wú, ọrùn ga, ìtọ̀ mọ́, ó ń jókòó sùn; mo fura sí ọkàn.” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí aláìsàn tó kàn.