Jíjò Kọ́, Kíkọjá Ni: Bí A Ṣe Ń Wọn Gáàsì Nínú Awọ Fẹ́lẹ́

Bàlúùnù rọ́bà tí kò lu, tí a so ẹnu rẹ̀ dáadáa, yóò rọ̀ bó pẹ́. A máa ń sọ pé ó ń jò. Ṣùgbọ́n ohun tó bá lu ló ń jò: òrùlé, garawa, táyà. Ní ti rọ́bà, gáàsì á kọ́kọ́ yọ́ sínú rẹ̀, á rìn díẹ̀díẹ̀ láàárín rẹ̀, á sì jáde ní òdìkejì. Thomas Graham, onímọ̀ kẹ́míkà ará Scotland, ti ṣàlàyé èyí láti ọdún 1866. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ pé gáàsì “ń gba inú rọ́bà kọjá.”

Irú nǹkan fẹ́lẹ́ tí gáàsì ń gbà kọjá báyìí la ó máa pè ní awọ; ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fi ṣàpèjúwe rẹ̀. Òwú la ń sọ pé ó tínrín. Bébà àti awọ, wọ́n fẹ́lẹ́ ni. Ẹ̀kọ mímu ló ki. Pákó nípọn, awọ náà sì lè nípọn. Ẹ di “nínípọn” mú ṣinṣin, nítorí òun ló ya òṣùwọ̀n méjì tí a fi ń wọn kíkọjá gáàsì sọ́tọ̀.

Àkọ́kọ́ ni Barrer, tí wọ́n fi sọrí Richard Barrer, onímọ̀ kẹ́míkà tí wọ́n bí ní New Zealand ní 1910. Nǹkan márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: iye gáàsì tó kọjá, nínípọn awọ, fífẹ̀ rẹ̀, àkókò, àti ìyàtọ̀ ìfúnpá láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì. Ìwà èròjà fúnra rẹ̀ ni Barrer ń sọ, ìbáà nípọn, ìbáà fẹ́lẹ́.

Èkejì ni GPU (gas permeation unit). Kò ka nínípọn mọ́ ìṣirò rẹ̀. Awọ kan pàtó ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí èròjà bá jẹ́ 10 Barrer, awọ rẹ̀ tó nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 1 yóò jẹ́ 10 GPU. Èyí tó nípọn tó 2 yóò jẹ́ 5. Èyí tó nípọn tó 10 yóò jẹ́ 1 péré.

Ẹ má kọ “awọ yìí jẹ́ 10 Barrer.” Ẹ kọ “èròjà awọ yìí jẹ́ 10 Barrer fún ọ́síjìn,” tàbí “awọ yìí jẹ́ 10 GPU fún ọ́síjìn.” Ẹ má sì fo orúkọ gáàsì náà: rọ́bà sílíkónì tó jẹ́ nǹkan bí 600 Barrer fún ọ́síjìn kò tó ìlàjì iye yẹn dáadáa fún náítírójìn. Ẹni tó fẹ́ fi awọ ya gáàsì méjì nínú afẹ́fẹ́ sọ́tọ̀, ìyàtọ̀ yẹn gan-an ló ń wá.