Ẹ̀kọ́ Yunifásítì Láti Ilé

Àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó wà ní Ìjàrẹ́, tí ó sì fẹ́ lọ sí yunifásítì, kò níláti wo ọ̀nà jíjìn. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1981, wà ní Àkúrẹ́. Yunifásítì Elizade wà ní Ìlárá-Mọ̀kín. Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn sì wà ní ìlú Oǹdó. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ súnmọ́ ni ó lè wọ inú rẹ̀. Olùkọ́ tí ó ń bọ́ aya àti ọmọ, ìyá tí ó ń tọ́jú ọmọ ọwọ́, àgbẹ̀ tí iṣu rẹ̀ ń bẹ lóko: ta ni yóò bá wọn ṣe iṣẹ́ wọn bí wọ́n bá lọ jókòó sí kíláàsì fún ọdún mẹ́rin gbáko? Irú wọn ni ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ láti ilé wà fún. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti bẹ̀rẹ̀, bí a ti ń ṣe é, àti ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá dáwọ́ lé e.

Ẹ má ṣe rò pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ ayélujára dé ni irú ẹ̀kọ́ yìí bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1858 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ti ṣí ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá lè yege, ibi yòówù kí ó máa gbé. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bíi Wolsey Hall ní Oxford, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1894, bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí òkè òkun nínú lẹ́tà. Akẹ́kọ̀ọ́ a ka ìwé, a kọ ìdáhùn, a fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, a sì dúró títí èsì yóò fi padà dé. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò tí ì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944. Nelson Mandela ń bẹ lẹ́wọ̀n nígbà tí ó gba oyè ìmọ̀ òfin láti Yunifásítì South Africa ní ọdún 1989. Ohun tí lẹ́tà ń ṣe nígbà náà ni ẹ̀rọ ayélujára ń ṣe lónìí, ṣùgbọ́n èsì tí ó máa ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ lè dé ní ìṣẹ́jú kan.

Ní orílẹ̀-èdè wa, Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní ọdún 1974, Yunifásítì Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1988. Ṣùgbọ́n èyí tí a dá sílẹ̀ fún un nìkan ni National Open University, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní NOUN. Ìtàn rẹ̀ kò lọ tààrà. Ní ọdún 1983, nígbà ìjọba Alhaji Shehu Shagari, ni a ṣe òfin tí ó dá a sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari tì í pa. Ọdún 2001 ni Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tún un ṣí. Lónìí, olú ilé rẹ̀ wà ní Àbújá, ó sì ní ibùdó ẹ̀kọ́ káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọ̀kan wà ní Àkúrẹ́.

Báwo ni a ti ń ṣe é? Ẹni tí ó bá fẹ́ gba oyè àkọ́kọ́ níláti ti yege dáadáa nínú iṣẹ́ márùn-ún nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Kò níláti ṣe ìdánwò JAMB kí ó tó wọlé. Lẹ́yìn èyí, yóò yan iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká ní sáà kọ̀ọ̀kan, yóò sì san owó iṣẹ́ wọ̀nyí àti owó ìdánwò wọn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí lè mú díẹ̀. Ẹni tí àyè gbà lè mú púpọ̀. Ìwé tí yóò kà wà lórí ẹ̀rọ ayélujára. Yóò gbà á sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ̀, yóò sì máa kà á nígbà tí ó bá ti oko tàbí ọjà dé. Iṣẹ́ àṣetiléwá wà tí yóò dáhùn lórí ẹ̀rọ kan náà. Máàkì 30 nínú 100 ni a fún iṣẹ́ yìí, ìdánwò ni ó ni 70 tí ó kù. Ìdánwò kì í ṣe ohun tí a ń jókòó sí yàrá ṣe. Ọmọ Ìjàrẹ́ níláti dìde, kí ó lọ sí ibùdó bíi ti Àkúrẹ́, kí wọ́n yẹ káàdì rẹ̀ wò, kí ó sì jókòó níwájú àwọn olùṣọ́. A ń fi kọ̀ǹpútà ṣe òmíràn, a sì ń fi bírò kọ òmíràn.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ yìí mú ọ̀nà kúrú, ṣùgbọ́n kò mú iṣẹ́ kúrú. Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ sọ òtítọ́, ó fi kún iṣẹ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ yín, agogo ni ó ń jí yín sí ẹ̀kọ́, ojú olùkọ́ ni ó sì ń dẹ́rù bà yín. Ẹni tí ó ń kàwé láti ilé ni agogo ara rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè bí ó bá sùn. Iná mọ̀nàmọ́ná lè lọ, owó dátà lè tán, àlejò sì lè dé ní òru ìdánwò. Ọ̀pọ̀ ń fi ayọ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń jáwọ́ láìsí ariwo. Àwọn iṣẹ́ kan sì wà, bíi ti oníṣègùn, tí ènìyàn kò lè fi ojú fóònù kọ́ parí, nítorí ọwọ́ ni a fi ń kọ́ wọn.

Ewu mìíràn wà tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Nítorí pé ìnira pọ̀, àwọn kan ń tajà ìwé ẹ̀rí fún ẹni tí kò fẹ́ ṣe làálàá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, akọ̀ròyìn ọmọ Nàìjíríà kan fi hàn pé òun gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì láti Kùtọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ìjọba wa dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Ẹni tí ó fi ọdún mẹ́rin ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn níbẹ̀ jìyà pẹ̀lú ẹni tí ó ra tirẹ̀. Nítorí èyí, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá àjọ NUC, tí ń ṣe àkóso àwọn yunifásítì, mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà àti ẹ̀ka iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ níbẹ̀.

Àwọn tí wọ́n jáde ní NOUN pàápàá ti mọ ìyà yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, a ka ẹ̀kọ́ wọn sí ti inú lẹ́tà lásán. Ẹni tí ó kọ́ òfin níbẹ̀ kò rí ààyè ní Ilé-ẹ̀kọ́ Àwọn Amòfin, ọ̀dọ́ ibẹ̀ kò sì rí ààyè láti di àgùnbánirọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018 ni a tún òfin ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe, kí ó lè bá àwọn yunifásítì yòókù dọ́gba. Ẹni tí ó fi ọwọ́ sí àtúnṣe yìí ni Muhammadu Buhari, tí ìjọba rẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa ní ọdún 1984. Ní ọdún 2018 kan náà, Olóyè Ọbásanjọ́, tí ó tún un ṣí, gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kírísítì, ní ẹni ọgọ́rin ọdún.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí a gún iyán nínú ewé, tí a sì se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Bí àyè bá gbà yín láti lọ sí yunifásítì tí ó ní ọgbà, ẹ lọ. Bí kò bá gbà yín, ẹ má ṣe ka ara yín sí ẹni tí ilẹ̀kùn ti tì mọ́ níta. Ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí, ẹ kọ́ bí a ti ń jókòó ti ìwé nígbà tí kò sí ẹni tí ń ṣọ́ni.

Ìbéèrè

1. Àwọn wo ni ẹ̀kọ́ láti ilé wà fún jù lọ, kí sì ni ìdí rẹ̀?
2. Ṣe àlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀kọ́ inú lẹ́tà àti ti orí ẹ̀rọ ayélujára.
3. Kí ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn nígbà tí ó wí pé ẹ̀kọ́ yìí “mú ọ̀nà kúrú, ṣùgbọ́n kò mú iṣẹ́ kúrú”?
4. Kọ àròkọ kan lórí kókó yìí: “Ìwé ẹ̀rí tí a rà kò jọ èyí tí a ṣiṣẹ́ fún.”