Ṣé wọ́n lè gbé ojú mi sórí tẹlifíṣọ̀n?

Ìbéèrè: Bí oníkámẹ́rà bá tẹ̀lé ọlọ́pàá wá dá wa dúró ní Ṣàngó Toll Gate ńkọ́?

Ìdáhùn: Nínú ètò tẹlifíṣọ̀n Cops, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1989, oníkámẹ́rà àti ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ ló máa ń bá ọlọ́pàá wọkọ̀. Àwọn tó ń ṣe ètò náà á ní kí ẹni tí ọlọ́pàá mú buwọ́ lùwé pé òun gbà kí wọ́n fi ojú òun hàn. Bí kò bá gbà, wọ́n á bo ojú rẹ̀ nínú fíìmù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ṣẹkẹṣẹkẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ó lè kọ̀? Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ìkànnì tẹlifíṣọ̀n Paramount yọ ètò náà kúrò ní 2020, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá kan pa George Floyd ní Amẹ́ríkà. Nítòsí wa, òfin Èkó ti 2021 kò gbà kí ọlọ́pàá kó afurasí síwájú oníròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má buwọ́ lu ìwé kankan láìrí lọ́yà.